Àpò Tí Aránṣọ Kò Lè Bà Jẹ́

Bí àlejò bá dé àdúgbò náà tó ń béèrè Màmá Gbọnrangandan, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá gan-an yóò nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó há sáàárín ilé ìfọṣọ àti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Aránṣọ ni obìnrin náà, rírán rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ìlà tó bá fi abẹ́rẹ́ fà sára aṣọ, bí ẹ bá gbé ilẹ̀kùn tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà ni yóò wọ́. Wọ́n ní bíríkìlà kan yá ṣòkòtò tó rán, ó fi wọn ògiri. Ó lè jẹ́ irọ́, àmọ́ ògiri náà ṣì wà ní òpin títì, kò tẹ̀ síbì kankan. Aránbàtà tí wọ́n jọ pín ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ lọ, máa ń sọ pé bí Màmá bá ń jẹun, ṣíbí ò gbọdọ̀ yà síbì kan kó tó dé ẹnu.

Ọdọọdún, bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń parí lọ, ṣọ́ọ̀bù náà á kún fún ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé. Àwọn ọmọ tó lọ sí àgọ́ ọ̀dọ́ létí adágún omi ló ń padà bọ̀ pẹ̀lú báàjì: báàjì okùn díta, báàjì iná dídá, báàjì ìtọ́jú ọgbẹ́, báàjì ìràwọ̀ wíwò. Bí wọ́n bá tún wá báàjì sí i, wọn ì bá fi ọ̀kan dá ẹni tó lè yán láìlanu lọ́lá. Ọmọ apòògùn gba tirẹ̀ títí apá òsì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi wúwo, tó wá ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò lápá kan. Màmá Gbọnrangandan ló ń rán gbogbo rẹ̀ mọ́ apá aṣọ. Àwọn ìyá á dúró sí i lórí, wọn á máa royìn ọmọ wọn, òun á máa dáhùn pé ó dára, ó dára, okùn òwú á wà láàárín eyín rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíì ń gba ẹ̀yẹ, abẹ́rẹ́ ń gún òun. Ìyẹn ká a lára ju bó ṣe ń sọ lọ.

Lọ́dún tí ilé ìwé wá fún ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ní àyè láti lọ sí àgọ́ náà, inú rẹ̀ dùn débi tó fi bá aránbàtà rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Òfin àgọ́ ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan báàjì kan ṣáájú, kó sì múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé. Jẹ́jẹ́ ti yan tirẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ tù. Ẹni tó bá máa tukọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ọmọ náà sì ti ń lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú ní gbogbo Sátidé, á padà dé pẹ̀lú ojú pípọ́n àti ebi tó lè jẹ tábìlì. Nílé, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á fi igi ìgbálẹ̀ tù ú lápá ọ̀tún, á tù ú lápá òsì. Ká ní omi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ni, ì bá ti gúnlẹ̀ sórílẹ̀-èdè mìíràn kí ìyá rẹ̀ tó jí.

Ìyàwó apòògùn ló ba nǹkan jẹ́, kò sì mọ̀. Ó wá wọn aṣọ, ó dúró síwájú dígí, ó ń sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí báàjì rírán ní àgọ́ lọ́dún yẹn. Ó béèrè báàjì tí Jẹ́jẹ́ mú, kò sì dúró gbọ́ èsì. Ó ní kí lòun tiẹ̀ ń béèrè sí, ọmọ aránṣọ kò ní mú òmíràn, òun ti ń retí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì tó jókòó rẹ́rìn-ín pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí Màmá tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí Jẹ́jẹ́ mú ìwé àgọ́ wá.

"Màmi, ọkọ̀ ni mo ti mú."

"Ta ló ń tukọ̀ nínú ilé yìí? Kí ni kí n wí fáwọn oníbàárà mi? Pé ọmọ mi sá fún abẹ́rẹ́, ó lọ bá ẹja ṣeré?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú èyí tó wù mí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló wù ẹ́. O ò tíì mọ̀ ni."

Ó fa ìlà lu ọkọ̀, ó kọ rírán sókè rẹ̀. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan.

Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ tó bá mú rírán ṣe kò le. Àpò olókùn kan ṣoṣo, fífi ọwọ́ rán, láìsí ẹ̀rọ, láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jẹ́jẹ́ rán tirẹ̀. Ó gún ara rẹ̀ níka títí àpò náà fi mu ẹ̀jẹ̀ ju òwú lọ. Ìlà rẹ̀ gba ibi tó wù ú, ó dúró sinmi, ó tún ń lọ. Ẹnu àpò kò dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan sì gùn ju èkejì bí etí ajá. Ṣùgbọ́n àpò ni, ó ń gba nǹkan. Ọmọ náà gbé e fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo ojú rẹ̀.

Màmá wò ó bí ẹni wo òkú eku. Ó ní bí wọ́n bá gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ajá á gbó o. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó tú u láti òkè dé ilẹ̀, ó wá ní kí ọmọ náà lọ sùn, òun á bá a tún un ṣe.

Ibi tí ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àpò àkọ́kọ́ tó rán, ọba lè kó adé rẹ̀ sí i. Ojú lásán ti mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé. Ó tú u. Ó ní òun á rọra rán èyí tó tẹ̀ lé e ní wíwọ́, bí ọmọdé ṣe ń rán. Ọwọ́ kọ̀. Ó mójú kúrò, ọwọ́ tọ́. Ó dijú, ọwọ́ tọ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ sọ́wọ́ òsì, ọwọ́ òsì tí kò tíì ránṣọ rí láyé rẹ̀ tọ́ ju ọ̀tún lọ, bí ẹni pé ó ti ń retí àyè yẹn tipẹ́. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù, ló fi ń bá ìka ara rẹ̀ jà. Nígbà tó sú u, ó mú ṣọ́ọ̀kì àti rúlà, ó fi àmì sí gbogbo ibi tó ti yẹ kí rírán náà ṣìnà.

Aránbàtà ti ń wò ó láti ìgbà yẹn. "Màmá, ẹ̀ ń fi rúlà wọn wíwọ́."

"Ìwọ dojú kọ bàtà rẹ."

"Mo dojú kọ ọ́. Ọmọ yẹn ti rán tiẹ̀, kí ló ṣe tiẹ̀?"

Màmá tún fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibòmíràn.

Ọjọ́ tí àgọ́ ṣí, àwọn òbí kó ọmọ wọn dé gbọ̀ngàn ńlá tó kọjú sí adágún. Kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn òbí lọ, olórí báàjì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ yẹ ohun tí àwọn ọmọ múra sílẹ̀ wò. Ìyàwó apòògùn jókòó nídìí tábìlì àpò. Màmá Gbọnrangandan dúró láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń wo àpò àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n ń gbé kọjá. Kò sí èyí tó dára nínú wọn. Ọ̀kan ò nísàlẹ̀. Ọ̀kan, ọmọ tó rán an ti rán an pọ̀ mọ́ ṣòkòtò ara rẹ̀, tòun ti àpò ló jọ dúró síwájú tábìlì. Ìyàwó apòògùn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó gba gbogbo wọn wọlé.

Ó wá kan Jẹ́jẹ́. Obìnrin náà yí àpò náà síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe àìmọ̀," ló wí, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. "Ẹ wò ó. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, bákan náà, bákan náà, yípo. Ẹni tí ò mọ aṣọ rán ò lè wọ́ báyìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rán ló fara balẹ̀ jókòó, tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó yíjú sí ọmọ náà, ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan nílé ló bá a rán an, kó sọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, wọn á kàn yí i sí báàjì mìíràn. Àyè kan tilẹ̀ ṣì kù nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló rán an, tó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣeré, ìdí ìkòkò fífọ̀ ni yóò wà títí àgọ́ á fi tú.

Jẹ́jẹ́ yí ọrùn, ó wo ìyá rẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n Màmá. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni: èmi ni. Kì í ṣe àrékérekè yẹn ló ń tì í lójú, gbogbo òbí inú gbọ̀ngàn yẹn ló ti bá ọmọ ṣe nǹkan kan rí. Ohun tó há a lọ́fun ni ìlà wíwọ́ tí wọ́n gbé sókè yẹn, tí gbogbo ẹni tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹjú mọ́. Bó bá lanu, tirẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òwú kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sí òwú níbẹ̀.

"Èmi ni mo rán an, mà," Jẹ́jẹ́ wí. "Mo fi ṣeré ni."

Ìyàwó apòògùn mi orí. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín."

Màmá ní, ẹ ṣé.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò ní àgọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, ó sì kọjú sí omi. Jẹ́jẹ́ padà wálé pẹ̀lú ìka tó bó, kò sì sọ ohun tó rí níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ìyá kó ṣẹ́ẹ̀tì dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá Màmá kẹ́dùn. Wọ́n ní irú ìyá báyìí, irú ọmọ báyẹn. Àánú mú àwọn tí kò ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí wá sọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀ dé òrùlé. Kò tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe. Aránbàtà béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ti sọ fún ìyàwó apòògùn. Ó ní òun máa sọ. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yẹn ń kí i káàárọ̀, ó ń kí i kú alẹ́, àmọ́ kò bá a ṣàwàdà mọ́.

Ká ní Jẹ́jẹ́ binú ni, Màmá ì bá mọ bó ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò binú. Ó kàn wá di ọmọ tó gbọ́ràn ju gbogbo ọmọ ayé lọ. Ṣé búrẹ́dì lo máa jẹ ni, àbí ìrẹsì? "Èyí tó bá wù yín, mà." Ṣé kí n ṣí fèrèsé? "Bó bá wù yín, mà." Aṣọ wo lo fẹ́ kí n rán fún ẹ? "Èyíkéyìí tó bá wù yín, mà." Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìṣàfojúdi, àwọn ará ilé kejì sì ń fi kọ́ ọmọ wọn.

Nígbà tí ọdún yípo, ìyàwó apòògùn ṣàánú ìyá, ó bá ọmọ gba àyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá gbé ìwé náà àti bírò síwájú Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀.

"Kọ ọkọ̀ sí i."

"Bó bá wù yín, mà."

"Mo ní kí ló wu ìwọ?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi èdè àjèjì bá sọ̀rọ̀, ó sì ti bírò náà padà sí i tìtẹríba-tìtẹríba. Ìyá ló kọ ọ́. Nígbà tó di Sátidé, ó ní kó máa lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kó lè tètè múra sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ dìde lójú ẹsẹ̀, ó gbé báàgì, ó dúpẹ́, ó lọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Irun orí rẹ̀ gbẹ táútáú, ojú rẹ̀ ò sì pọ́n. Màmá rí i, ó sì bi í bóyá omi tutù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló dáhùn.