Ife Elétí Méjì Tí Ìyá Mi Gbé Lọ fún Ìkórè

Ta ló rán mi níṣẹ́? Tíṣà ni mí ní Òmù-Èkìtì nígbà náà, mo sì ní rédíò kan tí kì í ṣe ti gbígbọ́ ìròyìn. Mo fi ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀ láti inú yàrá mi. Mo gba àṣẹ ìjọba, mo ta wáyà láti orí páànù lọ sórí igi máńgòrò, bátìrì ọkọ̀ ni mo sì ń lò, nítorí ta ló máa gbára lé NEPA?

Ẹgbẹ́ kan ní Skọ́tíláǹdì máa ń ṣe ìdíje fún àwa onírédíò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Mo borí. Ife fàdákà pẹrẹsẹ kan, elétí méjì, ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn fi ń fún àlejò lọ́tí: onílé á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, àlejò á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Orúkọ mi wà lára rẹ̀, lábẹ́ orúkọ àwọn tó ti gbà á ṣáájú. Àmọ́ wọn kò fún mi pátápátá. Bí ọdún bá yí po, mo gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹlòmíràn gbà á.

Ọdún yí po. Mo dé ibi tí mo gbé e sí, n kò bá a níbẹ̀. Mo bi ìyá mi.

“Yèyé, ife mi dà?”

“Ó wà ní ulé Ọlọ́run. Mo fi dúpẹ́ nígbà ìkórè.”

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Iṣu wà nílé, àgbàdo wà, àkùkọ ń kọ lẹ́yìnkùlé, ife onífe ló rí gbé! Nígbà tí orúkọ Nàìjíríà ti di gbájúẹ̀ lẹ́nu òyìnbó! Mo sáré lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní àwọn ti gbàdúrà sí i, àwọn ti ń fi bu wáìnì.

“Tíṣà, a kì í gba ohun tí a bá ti fún Ọlọ́run. Àbí àwọn òyìnbó náà kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì ni?”

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Inú bí mi débi pé n kò dágbére fún wọn. Mo délé, mo ń jágbe mọ́ ìyá mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ṣé o mọ ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ? Wọ́n ní ọmọ mi ti ya wèrè, ó ń tilẹ̀kùn dá sọ̀rọ̀. Mo gbààwẹ̀ gbààwẹ̀. Ọjọ́ tí ife yẹn dé, tí wọ́n ka orúkọ rẹ lára rẹ̀ fún mi, ni mo mọ̀ pé ẹnìkan ń dá ọ lóhùn lóòótọ́. Kí ni kí n fi dúpẹ́? Uṣu?”

Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un pé ife náà kì í ṣe tèmi mọ́, ẹlòmíràn ló kàn.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbà á. Abọ́ tánńganran tó gbé wọlé ọkọ ló fi rọ́pò rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ sì gbà. Mo fi ife ránṣẹ́ padà láti ilé ìfìwéránṣẹ́ Ọ̀yẹ́.

N kò tún borí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìkórè bá ti ń bọ̀, ìyá mi á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á máa gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo sínú rédíò.

“Ṣé wọ́n ń dá ọ lóhùn?”

Lọ́pọ̀ ìgbà, híhó lásán ni mò ń gbọ́.

“Wọ́n ń dáhùn, Yèyé.”