Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Dágbére fún Hábíbà ní Jẹ́dà

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Ìwó. Àpò méjì ni mo gbé. Aṣọ mi àti aṣọ òfì tí ẹbí dáwó rà fún ìyàwó wà nínú ọ̀kan. Ẹ̀gúsí àti ìrú wà nínú èkejì. Ọ̀rá mẹ́ta ni aya mi fi di ìrú náà, kí òórùn rẹ̀ má baà dójú tì mí lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè.

Ẹ̀gbọ́n mi, Lásísì, ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọbìnrin rẹ̀, Hábíbà, ń relé ọkọ, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan láti ilé wa wà níbẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Hájì tí kò padà wálé. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ńṣe ló yọ́ jáde kí ìyá wa tó jí, torí kò lè fojú rí ẹkún wọn. Ọdún mẹ́ta ni Màmá fi ń retí rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí a sin wọ́n. Kí n má purọ́ fún yín, inú tó ń bí mi sí i kò tíì rọ̀ tán nígbà tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú l'Ékòó.

Ooru Jẹ́dà kò jọ ti Ìwó. Ọ̀rinrin òkun wà nínú rẹ̀, aṣọ a sì lẹ̀ mọ́ni lára bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

“Múrí, o ti dàgbà,” ó ní.

“Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n.”

Bí a ṣe ń lọ, ó fi ibi tí àwọn onírìn-àjò Hájì máa ń sọ̀ sí hàn mí. Òrùlé rẹ̀ tò lọ rẹrẹ bí àgọ́ funfun ńláńlá. Àkókò Hájì kọ́, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀ àfi àwọn tó ń gbálẹ̀.

Al-Máhjàr, ní gúúsù ìlú, ni ilé rẹ̀ wà, nítòsí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíétọ̀ ọkọ̀ ṣe láàárín àwọn ará Yẹ́mẹ̀n àti Sùdáànù. Láràárọ̀, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní fúùlù la fi ń jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ. Ríyáàlì kan ni wọ́n ń ta búrẹ́dì náà, èèyàn mẹ́ta sì lè jẹ ẹ́ yó. Ṣùgbọ́n kò sí ata kankan nínú ẹ̀wà wọn. Mo jẹ ẹ́, mo sì ṣàánú ara mi.

Jẹ́dà ni wọ́n bí Hábíbà sí. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ó gbọ́, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn. “Áhlán, yá ámmì,” ni ìkíni rẹ̀. Ámmì ni wọ́n ń pe arákùnrin bàbá. Olùkọ́ ilé kéwú ni mí, nítorí náà a gbọ́ra wa yé.

Ọkọ rẹ̀, Yúsúfù, wá láti Họ́láńdì. Mo ti rò pé òyìnbó pọ́nbélé ni, àfi ìgbà tí mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tó jọ ará Índíà. Súrínáámù ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, orílẹ̀-èdè kan lókè òkun tí àwọn ará Họ́láńdì ṣàkóso nígbà kan, tí wọ́n sì kó àwọn ará Índíà lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti parí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ní yunifásítì tó wà ní Al-Ábídíyà ní Mẹ́kà, lójú ọ̀nà Árááfà. Ìyá rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í tán lójú rẹ̀, ti dé fún Úmúrà. Èdè Họ́láńdì nìkan ni obìnrin náà gbọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀.

A so yìgì lọ́jọ́bọ̀. Mo fa Hábíbà lé wọn lọ́wọ́ lórúkọ ilé wa, mo sì da òfì bò ó léjìká. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa lọ sí Mẹ́kà, kí n lè ṣe Úmúrà tèmi, kí Ìyá Yúsúfù sì yí Káábà po ní ìyípo ìdágbére. Bí a ṣe ń jáde, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀. “Tot ziens,” ó ní. Létí mi, ó dún bí “tọ̀t síìnsì.”

Mo bi Yúsúfù ní ìtumọ̀ rẹ̀.

“Títí a ó fi tún fojú kanra ni,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ mìíràn wà, vaarwel, rìn ire. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò retí láti tún rí la máa ń sọ ìyẹn fún. Màmá mi kì í sọ ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. “Tot ziens, ó dàbọ̀ tiwa nìyẹn. Èkejì ló dà bí ó dojú àlá.”

Nígbà tí a padà dé Jẹ́dà, tó ku èmi àti òun, ó ní, “Múrí, ìwọ ni kí o sìn wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́la, bí wọ́n bá ń lọ sí Họ́láńdì. Mi ò ní jáde.”

“Kí ló dé?”

“Mi ò lè dágbére. O mọ̀ mí.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì fún ogún ọdún bọ́ lẹ́nu mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà ni Màmá ń jókòó sí lójoojúmọ́ títí wọ́n fi kú. Ọ̀nà ni wọ́n ń wò.”

Ó dìde, ó wọ yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsárì, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hábíbà ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. A ti wọkọ̀ tán, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé ló ń wò. Ìyá Hábíbà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, wọlé lọ pè é, ó jáde, ó ní ọkọ òun ń kírun. Gbogbo wa mọ̀ pé ìrun ti parí.

Ni Ìyá Yúsúfù bá bọ́ sílẹ̀. Ó dúró lójú ilẹ̀kùn, ó ń fi èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀ wọlé bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Yúsúfù lọ dúró tì í, ó ń túmọ̀.

“Màmá mi ní, lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá ń lọ, a máa ń dúró níta, a ó máa juwọ́ sí i títí a kò fi ní rí i mọ́. Uitzwaaien là ń pè é. Wọ́n ní ẹni tí a kò juwọ́ sí, ẹ̀yìn ni yóò máa wò títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lè kọjú síwájú.”

Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè láti inú ilé: “Kí ni kí n sọ?”

“Dag,” ni obìnrin náà dáhùn. Yúsúfù ní ọjọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ń kí ẹni tó dé, wọ́n sì fi ń dágbére fún ẹni tó ń lọ. Bó bá jẹ́ ti ìdágbére, wọn a fa ohùn rẹ̀ gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láìwọ bàtà, sórí ilẹ̀ gbígbóná. Ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí iná ṣọ́ọ̀bù ti dá àpá sí lọ́pọ̀ ibi.

“Daaag,” ó ní. Ìparí ọ̀rọ̀ náà a máa ha èèyàn lọ́fun. Tirẹ̀, ẹkún ló bá a jáde.

Hábíbà yọ orí lójú fèrèsé. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò tíì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ náà.

“Ó dàbọ̀, Bàbá mi.”

Ọkọ̀ gbéra. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ń kéré sí i, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí a fi yà níbi mọ́ṣáláṣí. Hábíbà nu ojú, ó sì kọjú síwájú.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kan èmi. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Níbi tí kò gbọdọ̀ kọjá, ó di ọwọ́ mi mú.

“Bí o bá dé ibi tí Màmá wà, sọ fún wọn pé mo ti lọ. Sọ pé mo ní ó dàbọ̀.”

“Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n.”

Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀ sí i.

Ọ̀sán ni mo wọ Ìwó. Mo yà síbi ibojì Màmá kí n tó wọlé, mo sì jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Ohun tí ìrìn-àjò yìí kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ìdágbére tí ẹnì kan kọ̀ láti ṣe, ẹlòmíràn ni yóò rù ú.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, àbígbẹ̀yìn mi, Rísíkátù, ń padà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Òṣogbo. Orí ibùsùn ni mo ti máa ń dá a lóhùn bó bá ní òun ń lọ. Lọ́jọ́ yìí, mo wọ bàtà, mo gbé àpò rẹ̀, mo sìn ín dé ibùdókọ̀.

“Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?” ó bi mí láti inú mọ́tò.

“Kò sí. Máa lọ, ọmọ mi.”

Mo dúró lójú títì, mo ń juwọ́. Àwọn èèyàn ń wò mí. Mọ́tò náà kéré, ó gun òkè, ó pòórá, eruku rẹ̀ nìkan ló kù. Ìgbà tí eruku náà rọlẹ̀ ni mo tó yí padà sílé.