Ṣọ́jà Tó Ń Dín Agbára Kù

Bí fáànù bá ti ń kùn nínú ooru Maiduguri, ṣọ́jà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Bolori ni mo máa ń rántí. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé ló ń gbé ilé tí mo kọ́.

Nírọ̀lẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo á jọ máa fi mọ́tò díje nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ìyàwó á pariwo: "Olówó orí mi, ẹ tún ti kó sí gọ́tà!" Alágbára ni kọ̀ǹpútà náà, síbẹ̀ ṣọ́jà máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

Mo ní, "Ṣọ́jà, ojo ni ẹ́! Ẹni tó lágbára, kó lò ó bíi tèmi."

Á rẹ́rìn-ín. "Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, ẹ̀yin náà ti gbóná jù."

Nírọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí òun àti àwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ igbó lọ jagun, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò tàn. Ó fọwọ́ lé e bí ọmọ tí ibà ń ṣe. "Sannu," ló wí fún un, bí àwọn Hausa ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó yọ ṣájà, ó tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ pẹ́ títí, ó wá dúró kó tutù. Oòrùn ń wọ̀, eruku pupa sì bo àdúgbò bí ojú àlá.

Nígbà tó tàn, fáànù inú rẹ̀ bú bí ọkọ̀ òfurufú. À ń rí ẹnu ìyàwó ṣọ́jà lójú kọ̀ǹpútà, a ò gbóhùn. Ó dín agbára kù, fáànù rọlẹ̀.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ni ìyàwó bi í.

"Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí."

Èmi tí ohùn mi ń dé àdúgbò Bulabulin, mo rọra fa ilẹ̀kùn dé.