Omi Gbígbóná Múìbá àti Ọwọ́ Ọ̀tún Mi

Nǹkan kan rìn lábẹ́ awọ ọwọ́ ọ̀tún mi, nítòsí ọrùn ọwọ́, ó sì dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣan ló fà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìjà Enugu Road ni, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Sabon Gari, ní Kano, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń kó òkú sínú ọmọlanke. Nígbà tí mo fi ìka tẹ ibẹ̀, mo bá kókó líle kan tó tó hóró ẹ̀wà. Ó tutù. Kò sí ohun tó yẹ kó tutù bẹ́ẹ̀ nínú ara alààyè. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn eṣinṣin irin ti wọ inú mi.

Fún ẹ̀yin tí ogun abẹ́lé yìí kò tí ì dé àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eṣinṣin irin ni ohun ìjà tí ìhà méjèèjì ń lò. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fò ni, tó ń wá ooru ara èèyàn kiri fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ lójú pópó wa, ojú ọ̀run dúdú. Mo rí télọ̀ tó wà ní iwájú ilé wa tí àwọn eṣinṣin náà gba ojú rẹ̀ wọlé. Ó ń fi èékánná ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ títí ó fi ṣubú.

Bí àwọn tó ń darí wọn bá ti sá kúrò lójú ìjà, èyí tó bá kù nínú ara èèyàn á sùn. Ẹni tó ní i lára lè jẹun, ó lè rìn, ibẹ̀ á kàn wú. Ohun kan ṣoṣo ló ń jí i: ooru tó bá ju ti ara lọ. Tó bá jí, á máa jẹ ẹran lọ, á máa tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ títí á fi dé ọkàn. Wọ́n ti kéde rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ní Hausa àti ní Yorùbá, pé omi tútù nìkan ni kí a lò. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Múìbá gbọ́.

Múìbá ni àbúrò ọkọ mi olóògbé. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Àǹtí ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, Múìbá ni.

Òun ló ń wẹ àwọn abiyamọ òpópónà wa. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti kọ́ wankan jego, omi híhó àti ẹ̀ka dóńgóyárò tí wọ́n fi ń na ara ìyá ọlọ́mọ tuntun. Àwa Yorùbá Kano fi kún omi gbígbóná tiwa, ó sì di oògùn ohun gbogbo: orí fífọ́, ẹsẹ̀ wíwú, ìbànújẹ́ pàápàá. Nígbà tí mo bí Sàlámátù, ọmọ mi kan ṣoṣo, Múìbá da omi náà sí mi lára títí awọ ẹ̀yìn mi fi bó. Mo sunkún fún ọkọ mi. Ó ní kí n fara dà á, pé ìtọ́jú ni. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ta ló kù tó yẹ kó sọ fún mi ohun tí omi híhó ń ṣe sí awọ?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Sàlámátù lọ wá yìnyín ní Hotoro. Kò pẹ́ tó jáde tí Múìbá wọlé pẹ̀lú garawa omi híhó tó ń rú èéfín, àwọn ìyàwó ilé méjì tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó, ọwọ́ rẹ ti wú. Nà á síbí."

"Àǹtí, wọ́n ti kéde. Omi tútù ni wọ́n wí."

"Àwọn wo? Àwọn tó ṣe eṣinṣin náà ni yóò kọ́ mi ní ìtọ́jú? Ìwé lo mọ̀, ìyàwó. Èmi, ara èèyàn ni mo mọ̀."

"Àǹtí, mo bẹ̀ yín. Á jí."

"Ẹ bá mi dì í mú," ó wí fún àwọn tó tẹ̀ lé e. "Bó ṣe máa ń pariwo láti ìgbà tó ti wọ ilé wa nìyẹn. Pẹ̀lẹ́, ìyàwó, sannu."

Wọ́n dì mí mú. Ó rẹ aṣọ ìnura sínú omi náà, ó fi wé ọwọ́ mi. Kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ tù mí lára. Lẹ́yìn náà ni kókó náà gbọ̀n. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú egungun mi bí ẹ̀rọ ìlọta tó jẹ òkúta. Awọ ọwọ́ mi ń dìde, ó ń rọlẹ̀, bí ìgbà tí eku ń sáré lábẹ́ ẹní. Ẹran ya, ẹ̀jẹ̀ tú sínú garawa, omi náà sì pupa. Àwọn méjèèjì fi mí sílẹ̀, wọ́n sá. Múìbá ló ṣíwájú wọn.

Sàlámátù bá mi nílẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ di òkè ìgbọ̀nwọ́ mi, ó fi ọmọorogùn yí i pọ̀ títí mo fi ṣépè fún un. "Mama, don Allah, haƙuri," ló ń wí, pé nítorí Ọlọ́run kí n ní sùúrù, ó sì ń yí i lọ. Ìdè yẹn ló gba ẹ̀mí mi là. Ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró, eṣinṣin náà kò rí ọ̀nà mọ́. Ó ń yí kiri ní ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ń ya iṣan. Ọmọlanke tó kó òkú ló gbé mi. Orí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni mo dùbúlẹ̀ lé.

Ilé ìwòsàn ti kún, ìta la ti dúró. Ẹni tí eṣinṣin rẹ̀ bá ti kọjá èjìká, abẹ́ igi ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, ẹnikẹ́ni kì í wò ó mọ́. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ń ka kálímà tí Mùsùlùmí ń kà nígbà ikú. Kò kà á parí. Jagunjagun kan tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́ ń bi wá léèrè pé ta ló ṣẹ́gun. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Dókítà, obìnrin Hausa kan tí ojú rẹ̀ ti wọnú, fọwọ́ kan ìdè mi. "Hájíyà, kò tí ì kọjá ibí. Oògùn akunnilóorun ti tán."

"Gé e," mo wí.

Oògùn akunnilóorun ni èyí tó ń mú aláìsàn sùn tí kò fi ní mọ ọ̀bẹ lára. Ohun tó kù ni abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú kan kú tìpìrì. Ó dé awọ, kò dé egungun. Mo mọ gbogbo fífà ayùn náà. Nígbà tí ọwọ́ mi bọ́ sínú bàsíà, àwọn ìka rẹ̀ ṣì ń ká, wọ́n ń nà. Nọ́ọ̀sì kan fi òòlù fọ́ ọ, irin àti ẹran papọ̀, títí ó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjẹrà: ẹran ojú ọgbẹ́ á kú, á dúdú, á máa rùn, wọ́n á sì máa ha á kúrò. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí mo ń pè ní ìrora òjìji. Ọwọ́ tí kò sí mọ́ ń dùn mí, ó ń jóná, ìka rẹ̀ ń wọnú àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé orí yín ti dàrú. Ó ń dín kù. Kì í tán.

Múìbá kó àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wá kí mi nígbà tí mo padà sílé.

"Ṣé o rí i, ìyàwó? Omi mi ló lé e jáde. Ibẹ̀ ni ì bá sùn sí títí á fi pa ọ́."

"Àwọn tó sùn sí lára pọ̀ ní Gwagwarwa," mo dáhùn. "Dókítà fi abẹ kékeré yọ ọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fọ aṣọ wọn."

Àwọn obìnrin náà wolẹ̀. Múìbá rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ nìkan ló dín, ẹnu ò dín."

"Àmín," mo wí. Mo sì na ọwọ́ òsì sí i. Ó wò ó, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀, kò lè gbà á, kò sì lè kọ̀ ọ́. Mo nà án síbẹ̀ títí ó fi dìde tó jáde.

Ọwọ́ òsì yìí ni mo ní. A kì í fi jẹun, a kì í fi kí àgbà, a kì í fi gba ohun rere. Iṣẹ́ ìdọ̀tí nìkan ni mo rán an ní gbogbo ayé mi, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ní báyìí ó ń fún mi lóúnjẹ, ó ń so ìró mi, òun ló sì kọ gbogbo èyí, pẹ̀lú lẹ́tà wíwọ́. Kò bínú sí mi. Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà Sàlámátù, lẹ́yìn náà òun. Ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀.