Àgbàdo Nínú Igbá Ìyá Àgbà

Ìwé méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìjọba ní Òpómẹ́ta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ti òkè ń wá àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ ìkànìyàn: ẹni tó bá ní bàákì, ìwé ẹ̀rí ìparí ẹ̀kọ́ girama, tó sì gbọ́ èdè wa, kó mú dósíè, àkójọ ìwé rẹ̀, wá. Ti ìsàlẹ̀ ń sọ nípa ọ̀nà ọ̀dà tó gba ẹ̀bá ilé wa kọjá lọ sí àríwá. Ó ní kí a má sá gbàgúdá sórí ọ̀dà mọ́, àti pé ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí lẹ́bàá ọ̀nà ni wọn yóò kọ́kọ́ mọ òkìtì tí ń mú ọkọ̀ rọra sí, èyí tí àwa ń pè ní dodáànì.

Aránṣọ ni àbúrò mi obìnrin. Ó ti pẹ́ tó ti gba bàákì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni ìwé náà ń gbé. Ó ka ìwé òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí mo ń dúró dè nìyí."

Wọ́n gba dósíè rẹ̀. Wọ́n ní, fún ìdánwò, kó lọ kọ èèyàn ilé márùn-ún ní àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ilé kan sílẹ̀, tàbí tó bá kọ irọ́, kó má padà wá. Mẹ́rin lọ geere. Ìkarùn-ún ni ilé ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Mo bá a lọ.

Ìyá jókòó, ó ń yin àgbàdo. Àbúrò mi kúnlẹ̀. "Ìyá, èèyàn mélòó ló sùn nílé yín lánàá?"

"Ṣé ewúrẹ́ ni àwọn ọmọ mi ni?"

"Ìjọba ló fẹ́ mọ̀, Ìyá."

"Kí ìjọba ka tirẹ̀. Ta ní í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Aṣọ ni mo mọ̀ pé ò ń rán."

Mo rọra sọ fún àbúrò mi pé kó kọ iye tó bá rò. Ó wò mí títí ojú fi tì mí. Kò kúrò níbẹ̀. Ó mú ṣírí àgbàdo kan, ó bá Ìyá yin ín.

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti òkè bọ̀, eré àsápajúdé ni. Ògiri mì. Ìyá ní, "Ìwọ ọlọ́kọ̀ yìí, ṣé ìyàwó rẹ ń rọbí ni?"

Àbúrò mi ní, "Ìyá, ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí ni wọn yóò mọ dodáànì sí. Bí ilé yín bá ṣófo nínú ìwé, ta ni wọn yóò mọ ọ́n fún?"

Ìyá yin ṣírí kan tán kó tó fèsì. "N kò ní sọ iye. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò ní èèwọ̀." Ó fa igbá mọ́ra. Ó ń pe orúkọ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ń kọ ọ́, hóró kan sì ń bọ́ sínú igbá fún orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ó wò mí. "Ètè rẹ ń mì. Kí lò ń kà?"

"Àgbàdo ni, Ìyá."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

Àbúrò mi bi í léèrè nípa ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tó wà nínú ilé náà, tí a kò tíì sọ lórúkọ. Ìyá fọwọ́ wá inú àgbàdo, ó ṣa hóró tó kéré jù, ó sọ ọ́ sínú igbá. "Kọ ọ́ ní àlejò. Àlejò náà ń gbọ́ ariwo ọkọ̀."

Àbúrò mi ka àgbàdo náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ iye rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà, tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú Kpankou ni wọ́n pín in sí. Ó fìka tọ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá yà sí ilé àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù fún òun lórí aṣọ tó kù, òun ń lọ sẹ́nu iṣẹ́.