Ìyàwó Tí Omi Ká Mọ́lé

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó gbogbo ìpè pàjáwìrì àwọn ọlọ́pàá agbègbè wa jọ sí yàrá kan ṣoṣo nítòsí Ganhi láàárín ìlú, inú mi ò dùn rárá. Kọmisáríà kékeré kan, àgọ́ ọlọ́pàá ní Agblangandan, ni mo ti ń gbé fóònù tẹ́lẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń jókòó tì í, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ohùn mọ ilé tí èèyàn ti ń pè.

"Màámi, ewúrẹ́ aládùúgbò mi tún ti wọlé mi o!"

"Ṣé dúdú yẹn náà ni?"

"Òun náà ni!"

Ọmọ Pobè ni mí. Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, ni mo fi ń dá àwọn kan lóhùn, mo fi Gun dá àwọn mìíràn lóhùn, Faransé sì ni ti ọ̀gá. Nínú yàrá tuntun yìí, àwa púpọ̀ la jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kálukú pẹ̀lú nǹkan ìgbọ́rọ̀ létí àti máàpù lójú kọ̀ǹpútà. Ìpè ń wọlé láti ibi gbogbo. Ọkùnrin Fon kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Godomey, lápá kejì ìlú, ló wà lápá ọ̀tún mi. Ẹ̀pà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí dà bí ọjà tí n kò ti mọ ẹnì kan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Fara balẹ̀, àbúrò. Ó máa mọ́ ẹ lára."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Sátidé. Láàárọ̀, ọmọbìnrin kan pè, ó ń kólòlò ní Faransé. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ọmọ wa ni, mo yí i sí Nàgó. Ó mí kanlẹ̀.

"Mà, omi ti yí ilé wa ká ní Agblangandan. Èmi àti ìyá mi àgbà la wà lórí tábìlì yìí. Fóònù mi ti rì. Aládùúgbò wa ló fi ọ̀rá wé tirẹ̀, tó fi ọparun nà án sí mi lójú fèrèsé." Ó wá bú sẹ́kún. "Mà, yìgì mi ni lónìí!"

"Pe ọkọ rẹ, kó má bàa dààmú."

"Mi ò mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí, mà."

Mo ń wá ọkọ̀ ojú omi fún wọn lójú máàpù nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lápá ọ̀tún.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ rọra. Ta ni wọ́n jí gbé?" Ó yíjú sí mi. "Ọkọ ìyàwó ni, ní mọ́ṣáláṣí kan ní Godomey. Ó ní ọkùnrin tó ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó òun tẹ́lẹ̀ ló gbé e sá lọ. Ó ní ká lọ mú un."

"Níbo ni ìyàwó náà ń gbé?"

Ó bi ọkọ ìyàwó, ó sì dá mi lóhùn. "Agblangandan."

"Ṣé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló wà?"

Ó tún bi í. "Bẹ́ẹ̀ ni o!" Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ti dúró lẹ́yìn wa. A ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ẹ so ìpè méjèèjì pọ̀."

"Ṣé ìwọ nìyí?" ọkọ ìyàwó béèrè.

"Èmi ni. Omi ni ò jẹ́ n wá."

Ìyá àgbà já fóònù gbà. "Ọkọ wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹran tán o!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ojú omi àwọn panápaná kan ń bọ̀ láti Akpakpa, mo sì júwe ẹ̀yìn ilé ìwé fún wọn, kí wọ́n má bàa kó sí gọ́tà tó wà lójú títì. Ìyá àgbà kọ̀, kò wọ ọkọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n gbé àpótí aṣọ ìyàwó. Nígbà tí wọ́n dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, ọkọ̀ ọlọ́pàá gbà wọ́n, ó di Godomey.

Nígbà tó yá, awakọ̀ náà sọ̀rọ̀ lórí rédíò. "A ti dé. Ìmáàmù ṣì wà níjòókòó. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó jí ìyàwó gbé náà wà níbí látàárọ̀. Òun ló ń bá wọn tẹ́ ẹní."

Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó fi ọwọ́ nu ojú. Mo rò ó pé ká ní Agblangandan ni mo ṣì wà, ǹ bá gba ìyàwó náà là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Godomey, àwọn ọlọ́pàá ì bá ti máa lé aláìṣẹ̀ kiri.

Lọ́sẹ̀ kejì, tọkọtaya náà àti ìyá àgbà wá sí ẹnu géètì pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì àti ẹran. A sọ̀ kalẹ̀ lọ kí wọn.

Ìyá àgbà ní, "Ta ló bá ọmọ mi sọ Nàgó nínú yín?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Ọmọ ibo?"

"Pobè, mà."

Ó gbá mi mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí bí ìgbà tó ti mọ baba mi rí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣàdúrà fún un ní Nàgó tí ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ rárá. Kí ìyá àgbà tó parí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti ń pariwo "Àmín! Àmín!", ojú rẹ̀ sì wà lára ẹran.