Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Lára Ògiri

Ilé mi wà ní Mowé nígbà náà, mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe rìn nínú ara. Àwòrán inú ìwé kì í yé wọn tó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tó ń yí àwòrán inú ara síwá sẹ́yìn dé ọwọ́ wa, mo wá àwòrán tí n ó lò títí; kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọdún yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ òsì bàbá mi ń dùn wọ́n. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní Ifọ̀. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, wọ́n á dúró. Àwọn dókítà ní Èkó ya àwòrán iṣan ẹsẹ̀ náà, wọ́n kó o sínú síídì fún mi.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ yín kọ́ àwọn ọmọ?”

Wọ́n ní, “Bí mo bá máa wà níbẹ̀.”

Wọ́n wá sí kíláàsì wa lóòótọ́, wọ́n wọ bàtà tí wọ́n fi ń lọ sí Jímọ̀. Mo fa kọ́tìnnì, mo tan ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ wọn sì yọ lára ògiri. Ó ga jù mí lọ, ó pupa bí epo, ó ń yí jẹ́jẹ́. Kò sí awọ, kò sí ẹran; iṣan nìkan ló léfòó nínú òkùnkùn. Ó dà bí ẹni pé gbogbo wa wà lábẹ́ omi.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan mú máòsì kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀lé iṣan ńlá láti itan, ó dé òkè orúnkún, ó dúró.

“Ọ̀nà ti dí níbí, mà.”

Ó rọra yí i. Àwọn iṣan tín-ín-rín bí òwú ti gba ẹ̀gbẹ́ yí ibi tó dí ká, wọ́n tún pàdé nísàlẹ̀.

Bàbá mi dìde. Wọ́n na ọwọ́ sí ògiri, ìmọ́lẹ̀ pupa bo ìka wọn. “Ta ló la ọ̀nà yìí?”

“Ara yín fúnra rẹ̀ ni, bàbá,” ọmọ náà dáhùn.

Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà wọn, ó fi ìka wá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀ wọn. Ní ọ̀tún, ó rí i kíá. Ní òsì, ó pẹ́. Gbogbo wa ń retí.

“Ó wà,” ó ní. “Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà.”

Àwọn dókítà dábàá iṣẹ́ abẹ, bàbá mi kọ̀. Dókítà wọn wá ní kí wọ́n fi sìgá sílẹ̀, kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n sì máa rìn lójoojúmọ́. Bó bá dùn wọ́n, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún rìn. Wọ́n ṣe é. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, wọ́n ti ń ti ilé dé ọjà Ifọ̀ láìdúró. Ní àárọ̀ Sátidé mìíràn, mo máa ń bá wọn rìn nínú kùrukùru.